Sípíkà wo ló yẹ ilé wa? Bí a ṣe lè wọn dídára ohùn mọ́ owó àti ìrọ̀rùn



Bí Ramadan bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí ló máa ń ra ẹ̀rọ tuntun tí wọn yóò fi máa gbọ́ Àlùkùránì àti tafsir. Baálé kan ní àdúgbò wa ra sípíkà ńlá kan nítorí ìyá rẹ̀ àgbà, tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lè lọ sí mọ́ṣáláṣí mọ́. Sípíkà náà ga dé orúnkún, iná pupa àti iná búlúù ń yí po lójú rẹ̀, owó tó ná an kò sì kéré. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, màmá pe ọmọ wọn, wọ́n ní: "Ọmọ mi, mò ń gbọ́ ohùn Àfáà, àmọ́ mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n wá rédíò kékeré tí wọ́n ti jù sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù jáde, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí màmá, ọ̀rọ̀ bá yanjú.

Sípíkà ńlá náà kò bàjẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é kọ́ ni ilé yẹn gbé fún un. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé lónìí nìyí: bí a ṣe lè mọ ìgbà tó yẹ kí á náwó sí dídún ohùn, ìgbà tó yẹ kí á jẹ́ kí ìrọ̀rùn borí, àti ìgbà tí owó tí a ń ná kò ní í mú ohunkóhun wọlé fún wa.

Kí ni ilé yín máa ń gbọ́ jù?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú iye tó wà lápò. Etí ọmọ ènìyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà lè gbọ́ ohùn láti nǹkan bí 20 Hertz títí dé 20,000 Hertz. Iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni Hertz. Èyí tó kéré ni ti ìlù ńlá tó ń dún gbì-gbì, tí àwọn ènìyàn ń pè ní béèsì. Èyí tó pọ̀ ni ti ohùn tín-ín-rín bíi súfèé tàbí bíi ti ẹni tó ń sọ pé "ṣìì!"

Ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tàbí tó ń ké Àlùkùránì kò fi bẹ́ẹ̀ nílò béèsì. Àárín ni agbára rẹ̀ wà, òkè ni ìtumọ̀ rẹ̀ sì ti ń yé ènìyàn. Fáwẹ́lì ló ń gbé ohùn náà rìn, àmọ́ kọ́ńsónáǹtì ló ń jẹ́ kí á mọ ọ̀rọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì, òkè sì ni ọ̀pọ̀ kọ́ńsónáǹtì wà. Bí sípíkà bá gbé béèsì sókè jù, yóò bo kọ́ńsónáǹtì mọ́lẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí màmá yẹn gan-an nìyẹn.

Sípíkà tí wọ́n sábà máa ń tò síwájú ìsọ̀ lóde òní jẹ́ ti orin àti ti àríyá. Ẹni tó ń tà á á kọ́kọ́ fi béèsì rẹ̀ hàn yín, nítorí pé béèsì ló ń mú àyà ènìyàn gbọ̀n, òun ló sì ń tètè ta ọjà. Bí ó bá jẹ́ pé wáàsí, ìròyìn àti kíké Àlùkùránì ló pọ̀ jù nínú ohun tí ilé yín ń gbọ́, owó béèsì yẹn jẹ́ owó tí ẹ san fún ohun tí ẹ kò ní í lò.

Ohun tó wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọ wa

Ọ̀rọ̀ yìí tún wá wúwo sí i fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ kéú. Ẹ mú háráfì thaa (ث), siin (س) àti faa (ف). Èémí tó ń gba àárín ahọ́n, eyín àti ètè kọjá ni ìyàtọ̀ wọn, apá tó pọ̀ nínú ìyàtọ̀ náà sì wà lókè 3,500 Hertz. Bákan náà ni dhaal (ذ) àti zaay (ز). Ìpè fóònù àtijọ́ kì í gbé ju láti 300 dé 3,400 Hertz lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń sọ fún ẹni tó wà lórí fóònù pé, "Ṣé F lo sọ ni, àbí S?"

Èdè Yorùbá kò ní thaa, kò sì ní zaay. Etí ọmọ wa kò tíì mọ̀ wọ́n rí láti inú èdè abínibí rẹ̀, ìgbọ́ràn ló fi máa kọ́ wọn. Bí ọmọ bá ń gbọ́ Suuratul-Kawthar lójoojúmọ́ láti inú sípíkà tó gé òkè ohùn dànù, "Kawsar" ni yóò máa gbọ́, òun náà ni yóò há sórí. Ẹ wo Suuratul-Falaq pẹ̀lú: faa àti thaa wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀, "naffaathaat". Sípíkà burúkú lè sọ méjèèjì di ọ̀kan. Lẹ́yìn ọdún méjì, àfáà yóò wá máa tún ohun tó ti gbó lẹ́nu ọmọ ṣe, bẹ́ẹ̀ ilé ni ó ti kọ́ ọ.

Àwọn òbí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, tí ọmọ wọn ń kọ́ kéú lọ́dọ̀ àfáà tó wà ní Ìlọrin tàbí Ìbàdàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló yẹ kó kíyè sí èyí jù. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti rẹlẹ̀, ẹ̀rọ yóò fún ohùn pọ̀ kó lè rọ́nà gbà. Ẹ bẹ àfáà kí wọ́n fi fóònù wọn gba kíkà ọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀ níbi tó dákẹ́, kí wọ́n sì fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́. Bí wọ́n bá fi WhatsApp ránṣẹ́, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bíi document, kí ó má jẹ́ voice note, nítorí pé voice note ń fún ohùn pọ̀ gan-an, document kì í sì fọwọ́ kan ohun tó wà nínú fáìlì. Kò sí owó kankan nínú èyí, àmọ́ ó lè ṣe ju kí ẹ ra sípíkà tuntun lọ.

Láti orí àwo dé orí fóònù

Láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni àwọn ènìyàn ti ń fi dídún ṣe pàṣípààrọ̀ fún ìrọ̀rùn. Ní ọdún 1961 ni gbogbo Àlùkùránì tí Sheikh Mahmoud Khalil al-Husary ké jáde ní ilẹ̀ Íjíbítì, òun sì ni gbogbo Àlùkùránì tí wọ́n kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ látòkèdélẹ̀. Orí àwo ńlá ló wà nígbà náà, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ àwo nìkan ló sì lè gbọ́ ọ. Ní 1963, ilé iṣẹ́ Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì kékeré jáde. Kásẹ́ẹ̀tì kò dún tó àwo tó dára, ó máa ń ṣe "ṣìì" lábẹ́ ohùn, téèpù rẹ̀ a sì máa lọ́ mọ́ra. Síbẹ̀, ó rọrùn láti dà kọ, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, kò sì ju àpò ẹ̀wù lọ. Kásẹ́ẹ̀tì ló gbé wáàsí àwọn àfáà wa dé inú ọkọ̀ èrò, ìsọ̀ télọ̀ àti ilé ìdáná.

CD dé ní 1982, ohùn rẹ̀ mọ́ tónítóní, àmọ́ bí ó bá ti ha, ó parí. Lẹ́yìn náà ni MP3 dé, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ilé ìwádìí Fraunhofer ní Jámánì. MP3 ń yọ apá tí etí kì í sábà gbọ́ kúrò nínú ohùn, kí fáìlì lè kéré. Nínú gbogbo ìyípadà wọ̀nyí, ìrọ̀rùn ló sábà máa ń borí, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Wáàsí tí ènìyàn gbọ́ lórí kásẹ́ẹ̀tì tó ń ha sàn ju èyí tó wà lórí àwo tí kò rí gbọ́ lọ. Ìṣòro wà níbi tí a bá ti ju ohun tí a nílò nù láìmọ̀.

Àwọn ẹ̀rọ tó wà níwájú wa

Fóònù nìkan: Ó ti wà lọ́wọ́, kò ní owó mìíràn. Ohùn rẹ̀ ń yé ènìyàn bí ó bá wà nítòsí, nítorí kò ní béèsì tí yóò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Àmọ́ kò lè kún yàrá, bí ẹ bá sì gbé e dé òpin, yóò máa há.

Rédíò kékeré tó ní ojú mẹ́mórì: Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú kéré. FM lè gbé ohùn dé 15,000 Hertz, èyí tó pọ̀ tó fún háráfì gbogbo, kì í sì jẹ dátà rárá. Bátìrì rẹ̀ ń pẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá lórí rédíò, kò ṣeé dá padà, àfi bí ó bá wà lórí mẹ́mórì.

Sípíkà Bluetooth: Ìrọ̀rùn rẹ̀ pọ̀: kò sí wáyà, ó ṣeé gbé lọ sí ilé ìdáná, ó sì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí kò bá sí iná. Àwọn kan ní Bluetooth ń ba ohùn jẹ́. Fún ohùn ènìyàn, ìbàjẹ́ náà kò tó ohun tí etí yóò mọ̀. Ìwọ̀n tí Bluetooth lè gbé pọ̀ ju ti fáìlì MP3 tí ọ̀pọ̀ wa ń lò lọ. Bí ohùn kò bá dára, ẹ kọ́kọ́ wo fáìlì náà àti bí sípíkà ṣe kéré tó. Ohun tí Bluetooth ń ṣe ni pé ohùn lè pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn àwòrán, tí ẹnu àfáà nínú fídíò kò ní í bá ọ̀rọ̀ wọn mu.

Sípíkà méjì aláwáyà pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè: Nínú gbogbo wọn, èyí ló ń fún ènìyàn ní ohùn tó dára jù fún iye owó tó bá san, pàápàá bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ tó ṣì dúró dáadáa. Àmọ́ ó ń gba àyè, ó ń fẹ́ iná, wáyà rẹ̀ a sì máa wu àwọn ọmọ kéékèèké. Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ fi ìka kan etí tó yí bébà sípíkà náà po. Bí ó bá jẹ́ fóòmù, ó lè ti jẹrà, yóò sì máa rún sí yín lọ́wọ́. Ẹ má ra á. Rọ́bà ló ń pẹ́.

Home theatre àti soundbar: Fíìmù ni wọ́n ṣe é fún. Ìwúlò rẹ̀ fún wa ni pé sípíkà tẹlifíṣọ̀n òde òní tín-ín-rín, ẹ̀yìn tàbí ìsàlẹ̀ ló sì ń kọjú sí. Bí ó bá jẹ́ orí tẹlifíṣọ̀n ni ilé yín ti ń wo wáàsí, soundbar kékeré tó ní bọ́tìnì fún ohùn ọ̀rọ̀ lè tó yín, ẹ kò nílò àpótí márùn-ún.

Ìwọ̀n fáìlì àti owó dátà

Iye kbps tó wà lára fáìlì ló ń sọ bí wọ́n ṣe fún un pọ̀ tó. Wákàtí kan ní 128 kbps jẹ́ nǹkan bíi 58 MB, ní 64 kbps ó jẹ́ 29 MB, ní 32 kbps ó jẹ́ nǹkan bíi 14 MB. Bí ilé kan bá ń gbọ́ wákàtí méjì lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ Ramadan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, 128 kbps yóò jẹ nǹkan bíi 3.5 GB, 64 kbps yóò sì jẹ 1.7 GB.

Èwo ni kí á mú? Ẹnì kan ṣoṣo tó ń ké Àlùkùránì kò nílò ọ̀nà méjì, ti ọ̀tún àti ti òsì. Bí fáìlì bá jẹ́ ọlọ́nà kan, 64 kbps rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 128 kbps ọlọ́nà méjì dọ́gba. Fún wáàsí lásán, 32 kbps lè tó. Àmọ́ fún ọmọ tó ń há Àlùkùránì, ẹ má ṣe lọ sísàlẹ̀ 64. Ẹ rántí pé fáìlì 32 tí wọ́n yí padà sí 128 kò di tuntun. Omi tó ti dànù kò ṣeé kó. Ohun tí wọ́n ti yọ kúrò kò ní í padà wá, fáìlì náà kàn tóbi sí i ni.

Ọgbọ́n tó pọ̀ jù nínú èyí ni pé kí ẹ gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí kíké gbogbo Àlùkùránì bá gba wákàtí 25, ní 128 kbps kò ní í tó 1.5 GB. Mẹ́mórì 2 GB yóò gbà á, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsan owó dátà mọ́. Ẹni tó ń gbọ́ súrà kan náà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́ ń ra ohun tó ti ní tẹ́lẹ̀.

Owó tí kò hàn lára ọjà

Iye tí ẹ san ní ìsọ̀ kọ́ ni gbogbo owó rẹ̀. Ká ní sípíkà kan jẹ́ ₦20,000, tó bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún kan. Òmíràn jẹ́ ₦60,000, tó sì lo ọdún mẹ́fà. Ti àkọ́kọ́ ná yín ní ₦20,000 lọ́dún, èkejì ná yín ní ₦10,000. Àmọ́ ìṣirò yìí yóò yí padà bí bátìrì tó wà nínú olówó ńlá náà kò bá ṣeé pààrọ̀, nítorí bátìrì ló sábà máa ń kọ́kọ́ kú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tún un ṣe kí ẹ tó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Iná náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń jẹ 60 watt fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́ yóò jẹ yúníìtì iná mẹ́sàn-án lóṣù. Èyí tó ń jẹ 10 watt kò ní í ju yúníìtì kan àtààbọ̀ lọ. Fún ilé tó ń lo sólà kékeré tàbí jẹnẹrétọ̀, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi watt tàn yín. Bí watt bá di ìlọ́po méjì, decibel mẹ́ta péré ló ń fi kún ohùn; kí etí tó lè sọ pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, watt náà gbọ́dọ̀ di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ẹ bá rí PMPO tó wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lára páálí, ẹ gbójú kúrò níbẹ̀. RMS ni kí ẹ béèrè.

Bí a ṣe ń dán an wò

Ẹ mú mẹ́mórì tiyín lọ, kí súrà tí ẹ mọ̀ dáadáa wà lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe gba orin tí oníṣòwò yàn fún yín. Ẹ jókòó jìnnà díẹ̀, ẹ dín ohùn kù, kí ẹ gbọ́ bóyá ọ̀rọ̀ ṣì ń yé yín. Ẹ tún gbé e sókè, kí ẹ gbọ́ bóyá ó ń há. Bí ẹ bá ń fi méjì wéra, kí ohùn méjèèjì lọ sókè dọ́gba, nítorí pé èyí tó lọ sókè díẹ̀ ju èkejì lọ ni etí máa ń rò pé ó dára jù. Àwọn kan ń fi èyí tajà. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ mú àgbà ilé dání. Etí wọn ni ìdájọ́ tó ṣe pàtàkì.

Kí ẹ tó ra tuntun

Ọ̀pọ̀ ìgbà, ibi tí a gbé sípíkà sí ló ń ba ohùn jẹ́. Ògiri sìmẹ́ǹtì àti táìlì ń dá ohùn padà, yóò sì máa gba ara rẹ̀ lórí. Rọ́ọ̀gì, kọ́tìnì tó nípọn àti àga onítìmùtìmù ń mu ìró yẹn. Bí sípíkà bá wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, béèsì rẹ̀ yóò wú. Ẹ fà á kúrò níbẹ̀, ẹ gbé e sókè dé ibi tí etí wà, ẹ sì sún un mọ́ ẹni tó ń gbọ́. Bí ó bá ní bọ́tìnì tí wọ́n kọ bass sí, ẹ dín in kù, kí ẹ sì fi díẹ̀ kún treble.

Fún àwọn àgbà, òkè ohùn ni etí ń kọ́kọ́ pàdánù bí ọjọ́ orí ti ń lọ. Gbígbé ohùn sókè nìkan kò ní í dá a padà, yóò kàn pọ̀ di ariwo ni. Ẹ sún un mọ́ wọn, ẹ dín béèsì kù, bí kò bá yanjú, ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Fún àwọn ọmọ tó ń lo íápíìsì, àjọ ìlera àgbáyé WHO ní kí ohùn má ju decibel 75 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ lọ. Fún àgbàlagbà, 80.

Aládùúgbò náà ní etí. Ohun rere ni Àlùkùránì, àmọ́ ẹ̀tọ́ aládùúgbò tó ń sùn tàbí tó ní aláìsàn nílé kò kúrò lọ́rùn wa nítorí pé ohun rere ni a ń gbọ́.

Èyí tó kù sí wa lọ́wọ́

Ìrọ̀rùn ní àléébù kan tí kò sí lára owó. Nítorí pé ó rọrùn láti tẹ bọ́tìnì, ilé mìíràn wà tí Àlùkùránì ń dún láti àárọ̀ dé alẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tẹ́tí sí i. Àṣẹ tó wà nínú Suuratul-A'raaf, aayah 204, ni pé kí á tẹ́tí, kí á sì dákẹ́. Wákàtí kan tí gbogbo ilé jókòó sí ìdí rédíò kékeré, tí wọ́n gbọ́ tí ó sì yé wọn, lérè ju ọjọ́ kan gbáko tí sípíkà olówó ńlá ń dá sọ̀rọ̀.

Màmá tí a sọ lẹ́ẹ̀kan gbọ́ tafsir Ramadan yẹn parí lórí rédíò wọn. Sípíkà ńlá náà kò kúkú ṣòfò: wọ́n yá mọ́ṣáláṣí àdúgbò lò fún ìpàdé àwọn ọ̀dọ́, níbi tí àyè ti gbà á. Ẹ̀yin náà, ẹ wo ẹni tó ń gbọ́ nínú ilé yín, ohun tó ń gbọ́ àti ibi tó jókòó sí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó wo àpò.

Kí Ọlọ́hun fi ohun tí a ń gbọ́ ṣe wá ní àǹfààní, kí Ó sì jẹ́ kí etí wa pẹ́ fún wa. Āmīn.